Píìnì Aboyún àti Báàjì Tiwa

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ó sì máa dun àwọn kan. Àwa gan-an ló kọ́kọ́ dùn.

Gbogbo wa la mọ píìnì aboyún. Obìnrin á lóyún, ìyá ọkọ tàbí aládùúgbò á ní kó fi píìnì há ìró tàbí bùbá rẹ̀ kó tó jáde lọ́sàn-án gangan tàbí lálẹ́, kí iwin má baà bá a pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Lórí pẹpẹ wa, a ti wàásù tako píìnì yìí títí ohùn wa fi há. A ní oògùn ni. A tiẹ̀ ti ní kí àwọn arábìnrin tú u sílẹ̀ níwájú ìjọ, ohun tí kò yẹ ká ṣe rárá, torí ìyá àgbà tó fi ìfẹ́ há a fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ la dójú tì.

Ẹ wá wo ohun tí àwa náà ṣe. Nígbà tí àjọ̀dún ìjọ wa ń bọ̀, ìgbìmọ̀ mú àbá wá pé ká ṣe báàjì: àgbélébùú lókè, àwòrán àwa àti ìyá ìjọ nísàlẹ̀, píìnì lẹ́yìn. Ká gbààwẹ̀ lé e lórí fún ọjọ́ mẹ́ta, ká wá máa tà á ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. A gbà. A ṣe igba. Ẹnu àwa fúnra wa la fi sọ ọ́ pé aboyún tó bá há a mọ́ aṣọ, ewu kankan ò ní kàn án. Kò sẹ́ni tó bi wá pé, Dádì, kí ni ìyàtọ̀?

Arábìnrin kan ló bi wá, kò sì fi ẹnu bi wá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, kò ríran dáadáa mọ́. Kò tíì forúkọ sílẹ̀ ní kílíníìkì kankan, torí ó ti ra báàjì. Owó tó yẹ kó fi wọkọ̀, kó fi gba káàdì, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Lọ́jọ́ tí gìrì mú un, tí wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Ó yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ọmọ kò yè. Nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báàjì wa wà lára rẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Píìnì ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàjì. Ó há méjèèjì. Kò fẹ́ fi ìkankan ṣeré.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má bínú, kí ni a fẹ́ sọ fún obìnrin yẹn?

A ò ní kéèyàn má wọ àmì ìgbàgbọ́ o. Ní Skọ́tíláǹdì, àwọn ọkùnrin ń wọ irú yẹ̀rì kan tí wọ́n ń pè ní kilt, wọ́n sì máa ń fi píìnì sí iwájú rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi àgbélébùú ṣe tirẹ̀, ẹlòmíràn á fi àmì ìdílé rẹ̀ ṣe é. Ó ń sọ ẹni tó jẹ́, ó tán. Àwa náà ń há fọ́tò òkú wa mọ́ àyà níbi ìsìnkú, kò sẹ́ni tó ń retí kí fọ́tò yẹn lé olè. Nadia Eweida, òṣìṣẹ́ British Airways, kọ̀ láti fi ẹ̀wọ̀n àgbélébùú rẹ̀ pamọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, wọ́n sì dá a láre ní oṣù Kìíní 2013. Inú wa dùn sí i. (Ẹ̀yin tí inú yín dùn sí ìyẹn, tí ẹ wá bínú nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gba híjáàbù láyè ní ilé ìwé ìjọba Èkó ní oṣù Kẹfà 2022, ẹ tún inú rò.) Ohun tí obìnrin yẹn ń jà fún ni pé kí wọ́n mọ̀ pé ti Jésù lòun. Kò sọ pé ẹ̀wọ̀n náà ló ń gbé bàálù dúró lójú ọ̀run.

Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí Mósè rọ ejò idẹ. Àwọn tí ejò bù jẹ wò ó, wọ́n yè. Nígbà tó yá, Ísírẹ́lì ń sun tùràrí sí i, ni Hesekáyà Ọba bá fọ́ ọ túútúú, ẹ ka 2 Àwọn Ọba 18. Àpótí ẹ̀rí ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ sójú ogun bí ẹni so ońdè mọ́dìí, 30,000 ọmọ ogun kú, àwọn Filístínì sì gbé àpótí lọ. Ó wà nínú 1 Sámúẹ́lì 4. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí àpótí tí Ọlọ́run pàṣẹ, kí ni báàjì tí a lọ tẹ̀ ní Ṣómólú fẹ́ ṣe?

A mọ̀ pé ẹ máa ní, ṣebí wọ́n mú aṣọ ìnujú láti ara Pọ́ọ̀lù lọ bá àwọn aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19 ni. Èló ni Pọ́ọ̀lù tà á? Ẹ má sì dúró síbẹ̀, ẹ ka orí náà lọ: àwọn ará Éfésù kó ìwé oògùn wọn jáde, wọ́n dáná sun ún, iye owó rẹ̀ sì jẹ́ 50,000 owó fàdákà. Lọ́dún 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oyè, Iléṣà, bẹ́ẹ̀ náà làwọn èèyàn kó ońdè àti ère wọn jáde. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ nìyẹn. Àwọn ní kí wọ́n kó o jáde, àwa ń kó o wọlé padà, a kàn ya àgbélébùú sí i lára ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Badia ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2013, ẹ rántí. Stíkà ẹ̀jẹ̀ Jésù wà lára ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé. Katapílà ò kà á. Àwọn tó rí ibi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Nítorí náà, báàjì tó kù wà nínú páálí ní ọ́fíìsì, a ò tà á mọ́. Ẹni tó bá ti rà á, kó mú un wá, a máa dá ẹgbẹ̀rún méjì rẹ̀ padà. Bí owó ò bá tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀, ara owó àjọ̀dún la ti máa yọ ọ́. Ní ìpàdé àwọn aboyún lọ́jọ́bọ̀ yìí, káàdì kílíníìkì la máa kọ́kọ́ béèrè ká tó gbàdúrà. Ẹni tí kò bá ní, ìyá ìjọ máa mú un lọ sí kílíníìkì ìjọba ní àárọ̀ Ẹtì, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí ìyá ọkọ bá ti fi píìnì há yín láṣọ, ẹ wọ̀ ọ́ wá bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa tú u mọ́ yín lára.