Káàdì alájọ gbọ́n ju láptọ́ọ̀pù wa lọ

Mò ń tẹ 'save' lọ́wọ́ ní Àgbowó niná lọ. Bátìrì mi ò gbé iná dúró mọ́. Níná bá dé, fáìlì tí mo fi ń ṣírò owó mi láti ọdún méjì kọ̀, kò ṣí.

Sítétímẹ́ǹtì báǹkì wà, òótọ́ ni. Owó Micra Bódìjà sí Dùgbẹ̀ ńkọ́? Owó tí mo kà lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?

Ẹ wo àwọn ìyá wa lọ́jà Bódìjà. Alájọ á sàmì sí káàdì wọn, á tún kọ ọ́ sínú ìwé tiẹ̀. Ọ̀kan sọnù, èkejì wà. Àwa ọ̀mọ̀wé, fáìlì kan ṣoṣo la gbójú lé!

Tí tiyín bá bàjẹ́, ẹ má tẹ 'save' lé e lórí o. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ máa tún ẹ̀dà yẹn ṣe. GnuCash máa ń fi ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́ fún 30 ọjọ́, àmọ́ inú fódà kan náà ni. Olè tó gbé láptọ́ọ̀pù ti kó gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ímeèlì ara mi ni mo ń fi tèmi ránṣẹ́ sí báyìí, lálaalẹ́ ọjọ́ Sunday.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń sọ pé ₦5,000 lòun jẹ. Mo mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀rí dà?