Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ wa, ta ló ń ṣọ́ òun?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tírélà àti táńkà tó ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí East-West Road ni mo fẹ́ fi òwe yìí sọ lónìí. Àwọn ènìyàn wa ní Port Harcourt wà lára àwọn tó ni wọ́n, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń wà wọ́n.

Nítorí olè àti ajínigbé, àwọn onímọ́tò ń de tracker mọ́ ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré yìí ní sím nínú bíi fóònù, ó sì ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Òmíràn tún lè gé epo ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí àṣẹ yẹn gbà ti di ọ̀gá ọkọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2022, àjọ CISA ti ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa tracker MV720 tí ilé-iṣẹ́ MiCODUS ní Ṣáínà ń ṣe. BitSight, ilé-iṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò, ní tracker MiCODUS tó wà lóde tó mílíọ̀nù 1.5, ní orílẹ̀-èdè 169. 123456 ni nọ́ńbà àṣírí tó ń bá a jáde, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì yí i padà. Èyí tó burú jù ni pé yíyí i padà nìkan kò tó: àbùkù mìíràn wà nínú ẹ̀rọ náà tó lè jẹ́ kí àjèjì pàṣẹ pé kó gé epo.

Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá ṣí tracker gbogbo ọkọ̀ tó jọ ń lọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè dá gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tó sọ ní Eleme ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2024 kò ti ọwọ́ kọ̀ǹpútà wá. Táńkà kan àti ọkọ̀ mìíràn ló kọlu ara wọn. Ó kéré tán, ènìyàn 5 kú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì jóná. Ó fi ohun tí táńkà kan lè ṣe láàárín èrò hàn wá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní MV720 lára ọkọ̀ rẹ̀, kó yọ ọ́. Kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀, kí wọ́n sì yí i padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá de tracker náà. Kí àṣẹ láti pa ẹ́ńjìnnì má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kó má sì ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹgbẹ́ NARTO ló yẹ kó sọ èyí di òfin fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Kí aláǹgbá tó ráyè, ẹ jẹ́ ká dí ògiri wa.