Ẹ Má Da Àṣẹ́kù Ẹ̀fọ́ Nù

Ọ̀rọ̀ ìdáná ni mo bá wá lónìí. Kí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi má ṣe rẹ́rìn-ín: ebi kò mọ akọ, kò mọ abo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí oṣù ń parí lọ, tí owó oṣù kò sì tíì dé, ìyá àwọn ọmọ mi lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Èmi àti ọmọ mẹ́ta ni a kù sílé. Kò sí ọbẹ̀ nínú ìkòkò. Mo ti ń wá bàtà mi láti lọ ra búrẹ́dì láwìn, nígbà tí àkọ́bí mi gbé agbọ̀n kan jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ̀fọ́ ṣì wà níhìn-ín."

Mo wò ó: tòmátì 4 tó ti rọ̀, tàtàṣé 2, ata rodo 3, ààbọ̀ àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì 2, àti ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan tó ti rọ. Orí ààtàn ni wọn ìbá bá ara wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìrẹsì wà, epo pupa wà, irú àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ wà. Mo dáná.

Kí n má purọ́, ti ọjọ́ náà bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀fọ́ dúdú, ìrẹsì lẹ̀ mọ́ra, àbíkẹ́yìn mi sì bi mí pé, "Bàbá, ṣé àsáró ni?" A jẹ ẹ́ ṣá. Nígbà tí ìyá wọn dé, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ohun tó le ni í kọ́kọ́ wọ ìkòkò, ewé ni í wọ̀ ọ́ kẹ́yìn." Bí ó ti kọ́ mi nìyí, fún ènìyàn 4 tàbí 5.

Ẹ kọ́kọ́ ṣà á. Èyí tó rọ yàtọ̀ sí èyí tó rà. Ẹ̀fọ́ tó rọ, omi ara rẹ̀ ló gbẹ. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ìdajì wákàtí, yóò tún jí. Èyí tó bá rà, tó ń rùn, tàbí tó hu nǹkan funfun lára, ẹ jù ú nù.

Ẹ lọ ata àti tòmátì. Ẹ din àlùbọ́sà nínú epo, ẹ da ata sí i, kí ó dín títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ìrẹsì má baà kan lẹ́nu. Ẹ fi irú, iyọ̀, ẹja àti omi ife 5 sí i. Bí ó bá hó, ẹ da ìrẹsì ife 3 tí ẹ ti fọ̀ sí i pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù. Ẹ má máa ro ó. Ríro ni í sọ ọ́ di àsáró.

Nígbà tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ da ẹ̀fọ́ tí ẹ ti rẹ́ sórí rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ wá pò ó. Ilá àti ewédú kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí o.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: àṣẹ́kù ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àṣẹ́kù ìrẹsì. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá sùn nínú ìkòkò mọ́jú, kòkòrò yìí a máa pọ̀ sí i, a sì máa tu májèlé tí gbígbóná kò lè mú kúrò. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán ni kí ẹ sè.

Ẹ̀yin ìyá aláta tí ọjà kò tà tán lálẹ́, ẹ má ṣe banújẹ́ jù. Oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ wà ní ìsàlẹ̀ agbọ̀n yẹn. Ní tèmi, n kò jẹ gbèsè búrẹ́dì lọ́jọ́ náà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.