Ìbéèrè Tí Kò Wá Ọ̀nà

Abèèrè kì í ṣìnà. Àlejò dé oríta, kò mọ èyí tó lọ sọ́jà. Ó kí ẹni tó bá nídìí ìsọ̀, ó bèèrè, ó sì gba ibi tí wọ́n júwe fún un. Ó gbà pé òun kò mọ̀. Ibẹ̀ ni agbára òwe yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ìdílé aláwọ̀ méjì ti kùnà.

Ìyá Yorùbá tó bímọ fún òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ọmọ rẹ̀ pupa lọ síbi ìṣeré, wọ́n ní, "Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń bá wọn tọ́jú ẹ̀?" Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti fi í ṣe alágbàtọ́ kó tó lanu. Bí ìyá bá ní òun lòun bí i, wọ́n á wo ọmọ, wọ́n á tún wo òun, bí ẹni pé ó yẹ kó mú ìwé ẹ̀rí jáde.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2017, Robert Kelly, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Gúúsù Kòríà, ń sọ̀rọ̀ lórí BBC láti ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ jó wọlé nínú aṣọ yẹ́lò, àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e nínú kẹ̀kẹ́ ìrìn ọmọdé. Obìnrin kan sáré wọlé, ó fà wọ́n jáde, ó sì padà wá fi ìkúnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wo fídíò náà ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Kim Jung-a ni, ìyàwó Kelly, ìyá àwọn ọmọ. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ ló ṣi àwọn lọ́nà. Mi ò gbà. Ìyá wo lọmọ rẹ̀ máa já wọ iwájú kámẹ́rà gbogbo ayé tí kò ní sáré? Ojú Kòríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òyìnbó ni wọ́n wò, wọ́n sì dájọ́.

Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 1967, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá tọkọtaya Richard àti Mildred Loving láre, ìpínlẹ̀ 16 níbẹ̀ ṣì ń fòfin de ìgbéyàwó láàárín aláwọ̀ funfun àti dúdú.

Àwa náà ń ṣe é nílé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, kúnlẹ̀ lọ́jà: "Ẹ kú ọjà o, mà." Ọlọ́jà kọjú sí bàbá: "Òyìnbó yìí, ṣé ó gbọ́ Yorùbá ni?" Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i tán! Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ wa ni.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má bèèrè. Nọ́ọ̀sì tó bi gbogbo ẹni tó gbọ́mọ wá pé, "Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?", tó sì kọ èsì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fún un, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá tọ́mọ jọ á dáhùn, èyí tọ́mọ ò jọ náà á dáhùn, wọ́n á sì pe ẹni tó kàn.