Kí Fóònù Pẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn tó ń ṣe fóònù ń ráhùn pé oníbàárà kò yára pààrọ̀ fóònù mọ́. Lóòótọ́, ní ọdún 2016, fóònù ìgbàlódé tí wọ́n kó sọ́jà káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù 1.4; ní 2023, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.2 lọ. Ṣùgbọ́n ṣé àwa la jẹ̀bi? Fóònù tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èṣí mọ́.

Ní agbègbè Tchaourou níbí, owó kajú ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń ra fóònù. Bí ẹ̀rúkọ́ bá ṣẹ́, àgbẹ̀ kì í sọ ọkọ́ nù. Ẹ̀rúkọ́ mìíràn ni yóò gbẹ́ sí i. Kí ló dé tí bátìrì tó kú fi gbọ́dọ̀ sọ odidi fóònù di òkú?

Ẹ̀tàn kò lè dá wa padà sọ́jà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ní 2020, ilẹ̀ Faransé gba ìtanràn mílíọ̀nù 25 owó Yúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sọ fún oníbàárà.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣókùnkùn. Google ní 2023 àti Samsung ní 2024 ṣèlérí àtúnṣe ètò inú fóònù fún ọdún 7, àmọ́ fóònù olówó ńlá ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹ̀yà ìpààrọ̀ fóònù tuntun wà fún ọdún 7 lẹ́yìn tí títà rẹ̀ bá dópin. Òfin yẹn kò dé Bénì. Ṣé owó tiwa kì í ṣe owó ni?

Wọn yóò bi wá pé: bí fóònù bá ń tọ́jọ́, kí ni ilé iṣẹ́ yóò jẹ? Ìdáhùn wa rèé: kí wọ́n ta ojúlówó bátìrì àti gíláàsì fún wa ní Parakou, kí wọ́n kọ́ àwọn atúnfóònùṣe wa níṣẹ́, kí wọ́n ra àlòkù padà, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tà á. Èrè wà níbẹ̀, iyì sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà pé: ta ni yóò tún un ṣe, níbo, àti fún ọdún mélòó? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ fi owó kajú bàbá yín sápò.