Ayálégbé Ni Omi Ń Wọlé Tọ̀, Onílé Ló Ń Yan Alága

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n dìbò káńsù káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí LASIEC, àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀, ka èsì tán, ẹgbẹ́ APC ló kó gbogbo ipò alága, 57 nínú 57. Nínú ipò káńsẹ́lọ̀ 376, ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́ sọ́wọ́ PDP. Ariwo tó tẹ̀ lé e kò kéré. Àwọn kan ní màgòmágó ni, àwọn kan ní ẹni tí kò jáde dìbò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ dá sí ìjà yẹn lónìí. Ìbò mìíràn wà tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa ju ìyẹn lọ, tí kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn Ṣómólú àti Bàrígà kì í mọ ọjọ́ tí wọ́n dì í. Ìbò àwọn olóyè CDA ni mò ń sọ.

Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló gbé gọ́tà, ìdọ̀tí àti ojú títì àdúgbò lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n káńsù kì í sábà dé ẹnu ilé èèyàn. Ẹni tó ń dé ibẹ̀ ni CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí ìjọba Èkó ṣòfin fún lọ́dún 2008. Àwọn CDA inú káńsù kan ló ń para pọ̀ di CDC, CDAC sì ni ti ìpínlẹ̀ lápapọ̀. CDA ni yóò kọ lẹ́tà sí káńsù pé gọ́tà ti dí. Òun ni yóò pariwo sí LAWMA, àjọ tó ń rí sí ìdọ̀tí, lẹ́tí tí mọ́tò PSP kò bá wá kó ìdọ̀tí. Òun náà ló ń gba owó ọlọ́dẹ, owó géètì, owó tiransifọ́mà. Nígbà tí ìjọba fagi lé sánítéṣọ̀n oṣooṣù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu láti ká èèyàn mọ́lé láàárọ̀ Sátidé, CDA ló kù tó lè pe àdúgbò jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ lásán ni, ẹ wo Bàrígà fúnra rẹ̀. Ọdún 2003 ni ìjọba Tinubu, gómìnà Èkó nígbà náà, yọ ọ́ kúrò lára Ṣómólú, ó sì di ọ̀kan nínú LCDA 37, káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú, ó gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó náà mú, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn káńsù tuntun yìí kò tíì pé títí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá yóò fi fọwọ́ sí i. Abújá kò fọwọ́ sí i dòní. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nínú ìwé òfin, Bàrígà kò sì sí níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Kọ́ládé Alábì jẹ́ alága Bàrígà, òun náà ló di ààrẹ ALGON, ẹgbẹ́ tó kó gbogbo alága ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà pọ̀. Ẹni tí ìwé òfin kò dárúkọ káńsù rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó dárúkọ tiwọn. Nàìjíríà nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé CDA kéré jù láti bìkítà nípa bí wọ́n ṣe ń yan olóyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi. Ṣómólú ni ibùdó àwọn onítẹ̀wé. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé orin ìsìnkú, ìwé ìléwọ́ olóṣèlú, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Tí ẹ̀rọ bá ti gé etí bébà tán, ìrẹ́pẹ́ tín-ín-rín tó kù ni wọ́n máa ń kó sínú àpò, wọn á gbé e sẹ́bàá gọ́tà de PSP. Tí òjò bá ṣáájú PSP dé, àpò á ya. Bébà tó ti mu omi yó á dì bí ẹ̀kọ tó sùn, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike, oòrùn á wá gbẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, á le débi pé ṣọ́bìrì á máa ta padà lára rẹ̀. Ìjọba ti fòfin de abọ́ fóòmù láti oṣù Kìíní ọdún 2024, mo sì kí wọn fún un, ṣùgbọ́n òfin Aláúsá kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá gbé àpò bébà kúrò nínú gọ́tà. Omi tí kò ríbi gbà ní Ṣómólú á wọ inú ilé lọ. Èyí tó ríbi gbà á máa bá ọ̀nà ọ̀sà lọ, Bàrígà ni yóò sì gbà kọjá. Ní Ìlàjẹ ti Bàrígà, níbi tí ilé ti parí sétí ọ̀sà, òjò ń rọ̀ lókè, ọ̀sà ń wú nísàlẹ̀, àárín méjèèjì ni àwọn èèyàn ń sùn.

Ta ni omi yìí ń wọlé tọ̀? Nínú ilé fésìmí-àfésìyú, ẹni tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ni. Ayálégbé ni. Òun ló ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì lé orí tábìlì láago méjì òru.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò bójú tó gọ́tà. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Bàrígà. Àga rọ́bà funfun ni wọ́n tò sínú ọgbà onílé kan. Akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan ní òun dábàá pé ká gbà á wọlé, ẹlòmíràn ní òun gbè é lẹ́yìn. Wọ́n sọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ pẹ́ títí. Ìgbà tó kan ìbò, bàbá kan dìde: “Àwa àgbà ti jókòó lé e lórí, a sì ti fẹnu kò. Alága wa náà ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ.” Wọ́n pàtẹ́wọ́, òṣìṣẹ́ káńsù tó wá bójú tó ìdìbò kọ ọ́ sílẹ̀, ó di òfin. Kí wọ́n tó túká, obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá gọ́tà wọlé wá béèrè ìgbà tí wọ́n máa kó o. Wọ́n dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mi ò lè purọ́: “Ìyá onírẹsì, ẹ má bínú, ẹ ní kí lándìlọ́ọ̀dù yín wá sípàdé.” Ìkòròdú ni lándìlọ́ọ̀dù rẹ̀ ń gbé. Ìgbà tí owó ilé bá pé ló máa ń ya Bàrígà.

Mo mọ ohun tí àwọn onílé yóò sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ayálégbé lè kó lọ lóṣù tó ń bọ̀. Onílé ló ri owó rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, òun sì ni wọ́n máa wá tí ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri. Ayálégbé tí ẹ bá ní kó dá owó gọ́tà, ó lè ní kì í ṣe ilé bàbá òun. Gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé mélòó ló kù tó ń gbé inú ilé rẹ̀ ní Ṣómólú? Àwọn kan ti kọ́ ilé sí ẹ̀yìn odi, wọ́n kó lọ. Àwọn kan ti kú, ilé ti di ilé ẹbí, ọmọ mẹ́jọ ló jogún rẹ̀, èyí tó lẹ́nu jù nínú wọn ló ń lọ sípàdé. Ayálégbé kan sì wà nínú ilé yẹn tó ti bí ọmọ síbẹ̀, tí ọmọ náà ti jáde Yunifásítì. Nípa ti owó, inú owó ilé àti owó oṣooṣù tí ayálégbé ń san ni púpọ̀ nínú owó CDA ti ń wá. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Àwọn kan ti la irú èyí kọjá rí. Ní Netherlands, níbi tí ilẹ̀ púpọ̀ ti rẹlẹ̀ ju òkun lọ, ìgbìmọ̀ omi ti wà láti ohun tó lé ní 700 ọdún sẹ́yìn, 21 ló sì kù nínú wọn lónìí. Wọ́n ń gbowó orí tiwọn, wọ́n ń bójú tó òkìtì tó ń dá omi dúró àti kánáàlì. Látijọ́, ẹni tó nílẹ̀ ló lẹ́nu níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún gbogbo ará àdúgbò ní ìbò, torí pé ẹni tí kò nílẹ̀ náà ń rì. Lọ́dún 2008, lẹ́tà ni wọ́n fi dìbò yìí, àwọn tó dìbò kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Lọ́dún 2015, wọ́n gbé e sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìbò ẹkùn, iye àwọn tó jáde sì ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọba ló ṣì ń yan alága, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń dáàbò bo igbó sì ní ìjókòó díẹ̀ tí a kì í dìbò fún. Ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti omi àdúgbò ní èèyàn márùn-ún: wọ́n ń dìbò yan mẹ́ta, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ń yan méjì. Àwọn tó ń jáde dìbò náà kéré débi ìtìjú, torí pé ìbò náà kò sí nínú ìbò gbogbogbòò.

Nítorí náà, mi ò kórìíra yíyan sípò. Bí wọ́n bá fi aṣojú onítẹ̀wé kan sínú CDA ní Ṣómólú, àti obìnrin kan nínú àwọn tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ sí ti Bàrígà, láìdìbò, inú mi á dùn, torí wọ́n mọ ohun tó ń dí gọ́tà àti ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀sà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí àwọn tí a yàn pọ̀ ju àwọn tí a dìbò fún lọ. Èkó ti tọ́ ọ wò. Láti ìparí ọdún 2014 títí di oṣù Keje 2017, àwọn tí gómìnà yàn ló ń ṣàkóso káńsù wa gbogbo. Ẹni tí gómìnà yàn, gómìnà ló ń wojú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ gbangba pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò bófin mu. Kí ló wá dé tí ìpele tó wà nísàlẹ̀ káńsù, tó sún mọ́ wa jù, ṣe ń jẹ́ “a ti fẹnu kò”?

Kí káńsù Ṣómólú àti ti Bàrígà mú ọjọ́ kan fún ìbò CDA, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní gbogbo òpópónà lóṣù kan ṣáájú. Wọn kò lè ní kò sí ẹni tó máa tẹ ìwé. Kí orúkọ ayálégbé tó ti lo ọdún kan ní àdúgbò wọ ìwé ìdìbò bíi ti onílé, kí igbákejì alága tàbí akápò jẹ́ ayálégbé. Kí wọ́n ka iye owó tó wọlé àti èyí tó jáde kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tí mi ò ti ní fara wé àwọn ará Netherlands. Ẹnì kan lè ní ká gbé ìbò CDA pọ̀ mọ́ ìbò káńsù kí èrò lè jáde. Ní Èkó tiwa, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú bá fojú kan CDA, 57 nínú 57 ló máa tún dé ibẹ̀, alága gọ́tà á wá di alága wọ́ọ̀dù. Kó ní Sátidé tirẹ̀, kí wọ́n gbé àpótí síta gbangba dípò inú ọgbà onílé, kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ ẹgbẹ́ wá, kí òṣìṣẹ́ káńsù sì ka ìbò náà sókè lójú gbogbo wa.