Ẹ̀rọ Kò Mọ Gbèsè Ọrùn Wa
Ẹ̀yin ará mi Mùsùlùmí, mo ra ẹní ìkírun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n tún fi tẹ̀sùbáà àti fìlà lọ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ àlùjọ̀nnú. Láti 1998 ni Amazon ní Amẹ́ríkà ti ń fi kọ̀ǹpútà wo àwọn ọjà tí ènìyàn máa ń rà pọ̀. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan, wọn a fi èkejì lọ̀ ọ́. Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà wa náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn rà ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ gbèsè ọrùn wa, kò mọ owó ilé-ìwé ọmọ wa. Àlùkùránì Mímọ́, Súrà 7, ẹsẹ 31, kọ ìnákúnàá fún wa. Kí á tó sanwó, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè bóyá a nílò rẹ̀ ní tòótọ́. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìtẹ́lọ́rùn. Àmín.